Ariwo Tí A Yọ Kúrò Létí Ẹ̀rọ

Ọ̀sán gangan ni ẹ̀rọ náà dákẹ́. Mo wà ní ọ́fíìsì wa ní Yábàá, ẹ̀wà àti búrẹ́dì wà níwájú mi, nígbà tí Màmá Ṣèyí pè mí lórí fóònù. Màmá Ṣèyí ni ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Sùúrùlérè, àwa la sì ń bá wọn tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Obìnrin náà kì í pariwo. Ohùn tó fi máa ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun wo fóònù òun ló fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn náà.

"Yétúndé, ẹ̀rọ yín ti kú o. Aboyún kan wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀, a ò sì rí irú ẹ̀jẹ̀ tó ní wò."

Mo fi oúnjẹ sílẹ̀. Gbogbo èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn náà, inú kọ̀ǹpútà ńlá kan tí à ń pè ní sáfà ló wà, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Kí èmi àti Ẹ̀gbọ́n Dípò, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó débẹ̀, àwọn dókítà ti tún ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà yẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti rí ẹ̀jẹ̀ tó bá a mu. Ó yè é. Ọmọ inú rẹ̀ náà yè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà jáde, tí a kí i, kò dá wa lóhùn. Ó wo ojú Ẹ̀gbọ́n Dípò, ó sì kọjá lọ. Ì bá kúkú bú wa, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Dípò ló kọ́ mi níṣẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì yẹn, mo ti gboyè ní yunifásítì, mo mọ bí a ṣe ń ṣe ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tó dùn-ún wò, mo sì rò pé mo ti mọ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló bi mí pé kí ni kẹ́nẹ́ẹ̀lì. Mo ka èyí tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì fún un, geere bí ẹní ka kátíkísìmù. Ó jẹ́ kí n parí ẹ̀, ó ní ó dáa, kí n wá jókòó kí òun wá sọ ohun tó jẹ́ fún mi.

Ó ní kí n ro ilé tí àwọn ayálégbé pọ̀ sí ní Sùúrùlérè, tó ní géètì kan ṣoṣo, tó ní aṣọ́nà kan. Aṣọ́nà náà ló ń ṣí géètì, òun ló ń tan jẹnẹrétọ̀, òun ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá omi. Kò sí ayálégbé tó lè ṣe nǹkan kan láìtọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì ni aṣọ́nà yẹn nínú kọ̀ǹpútà. Ètò yòówù tí ẹ bá ń lò, èyí tí a fi ń tẹ̀wé àti èyí tí a fi ń wo bọ́ọ̀lù, kẹ́nẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń bẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣí fáìlì kankan. Tí ẹ bá sì pa á láṣẹ fún un, ó lè máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ló ṣí fáìlì báyìí, ní àkókò báyìí. Àkọsílẹ̀ yẹn ni Ẹ̀gbọ́n máa ń pè ní etí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn náà kò ṣàìsàn. Etí yẹn ló dá a dúró. Ilé ìwòsàn ti gba ètò tuntun kan tó ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn rí èsì wọn lórí fóònù, ètò náà sì ní àṣà burúkú kan: kò lè ṣe kó má tún ògiri ẹ̀rọ tò. Ògiri tí mo ń wí ni àwọn òfin tó ń sọ ẹni tó lè gba ojú íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé àti ẹni tí kò lè wọlé. Òfin wọ̀nyẹn pọ̀ rẹpẹtẹ. Bí ètò náà bá sì ti tún wọn tò, kẹ́nẹ́ẹ̀lì á kọ ìlà kan fún òfin kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí aṣọ́nà tí àlejò dé bá, tó pe onílé pé àlejò dé, tó tún pè é pé àlejò gbé báàgì, tó tún pè é pé báàgì kejì wà, tó tún wá pè é nítorí bàtà. Àwọn ìlà náà máa ń tò dúró kí wọ́n tó ráyè wọnú àkọsílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ibi tí wọ́n tò sí náà kún àkúnwọ́sílẹ̀. Tó bá ti kún báyẹn, kẹ́nẹ́ẹ̀lì lè jẹ́ kí àwọn ìlà kan dànù, ó sì lè dá ẹ̀rọ dúró pátápátá kí ohunkóhun má baà ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé òun kọ ọ́. Ẹni tó bá ń tọ́jú ẹ̀rọ ló ń yàn nínú méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n Dípò ti yan pé kó dúró.

Kí a tó kúrò ní ilé ìwòsàn lọ́sàn-án yẹn ló ti yí i padà. Ó ní ẹ̀mí ju àkọsílẹ̀ lọ, pé ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ dúró mọ́ láé, ó sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí ariwo bá tún ti dé, ìlà á máa dànù, etí á di. Ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀ lásìkò yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ọ̀gá Fẹ́mi, tó ni ilé iṣẹ́ wa, pè wá jókòó lọ́jọ́ kejì. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ti kìlọ̀ fún un, ojú rẹ̀ sì le. Ó ní kí la wá ń fi àkọsílẹ̀ ṣe gan-an, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń kà á? Òótọ́ ló sọ níbẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti kà á rí. Ìlà ògiri ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, n kò rí nǹkan mìíràn.

"Dípò, pa á. Kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́."

"O ò lè pa á ni, àbí o ò fẹ́ pa á?"

"Mi ò fẹ́ ni, sà."

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń ja ọ̀gá níyàn. Ọ̀gá Fẹ́mi wò ó títí, ó wá ní òun fún un ní àyè di ìparí oṣù. Tí àkọsílẹ̀ náà kò bá dẹ́kun ariwo nígbà yẹn, wọ́n á pa á, ẹni tí kò bá sì fẹ́ pa á lè máa bá tirẹ̀ lọ.

Inú bí mi sí Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo rò pé agídí ni. Nígbà tí a jáde níṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ń lọ ra aṣọ fèrèsé ní Tẹ́júoṣó, mo bá a rìn, mo sì bi í lójú ọ̀nà pé ṣé torí ìlà tí ẹnikẹ́ni kò kà ni wọ́n á ṣe lé e níṣẹ́. A rìn dé iwájú ọjà. Aṣọ tó ń fọwọ́ tú wò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fẹ́ ra aṣọ fèrèsé náà fún. Àǹtí Rẹ̀mí ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwáyà, ibẹ̀ ló sì ń gbé. Nígbà kan, ó ti fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní kí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù, bí wọ́n ṣe ń ní kí gbogbo ènìyàn ṣe é, kí wọ́n má baà bí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọkùnrin náà ti mọ̀ pé AS lòun. Èsì Àǹtí Rẹ̀mí jáde, AS lòun náà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, ó ń wá bó ṣe máa sọ ọ́ fún ọkùnrin náà. Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi àyẹ̀wò yẹn ti ṣí fáìlì rẹ̀ wò, ó ti sọ fún ìyá ọkùnrin náà. Ní ọjọ́ Àìkú, gbogbo àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ti mọ̀ kí Àǹtí Rẹ̀mí tó wọlé. Ìgbéyàwó náà dàrú.

"Bóyá àwọn fúnra wọn ì bá tú u ká," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ìyẹn kọ́ ló ń dùn ún. Ó lọ síbẹ̀, ó bi wọ́n pé ta ló wo fáìlì òun. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà àwọn ò mọ̀."

Ó ní àbúrò òun ní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà yẹn. Àǹtí Rẹ̀mí kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ náà ló wo fáìlì, ó sì ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n san owó aṣọ, ó ká a sábẹ́ apá, a sì rìn padà síbùdó ọkọ̀. Bí inú ṣe ń bí mi sí i tẹ́lẹ̀ ti lọ.

Ọjọ́ kejì la bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èrò tèmi yá kánkán: kí a pàṣẹ fún kẹ́nẹ́ẹ̀lì pé kó má kọ ohunkóhun nípa ògiri mọ́. Ìlà kan péré la máa tẹ̀, ó tán. Ẹ̀gbọ́n bi mí pé tí olè bá wá ṣí ihò sára ògiri ńkọ́, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lo fẹ́ gbá dànù yẹn? Ó ní ohun tó ń pariwo kọ́ ló burú, iye ìgbà tó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ló burú. Aṣọ́nà kò ṣẹ̀ pé ó pe onílé. Ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kó pè é, kó ní, "Lágbájá dé, ó gbé ẹrù báyìí dání."

A wá lọ sínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì tí à ń lò kì í ṣe ti ẹnì kan. Gbogbo ayé ló ń kọ ọ́ pọ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè ka ohun tí wọ́n kọ. Mo máa ń kà á gààràgà. Ẹ̀gbọ́n á fi ìka sójú rẹ̀, á ní kí n padà sẹ́yìn, kí n sọ fún òun ní Yorùbá ohun tí ìlà yẹn ń ṣe. Tí n kò bá lè sọ ọ́ ní Yorùbá, ó ní kò tíì yé mi nìyẹn. A rí ibi tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì ti ń kọ ìlà fún òfin kọ̀ọ̀kan, mo sì yí i padà kó kọ́kọ́ kó gbogbo àyípadà tó bá dé lẹ́ẹ̀kan náà jọ, kó wá kọ ìlà kan ṣoṣo: ẹni tó ṣe é, tábìlì tó fọwọ́ kàn, ìyẹn ibi tí a kó àwọn òfin jọ sí, àti iye òfin tó yí padà.

A fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbà tó ń bójú tó apá yẹn nílẹ̀ òkèèrè, lórí ímeèlì tí gbogbo ayé lè rí. Ẹnì kan nínú wọn dáhùn. Kò kí wa kú iṣẹ́, kò kí wa rárá. Ó bi wá pé bí ẹnì kan bá yí tábìlì méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́, èwo ni ìlà yín máa dárúkọ? Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn, wọn ò tiẹ̀ ní ẹ káàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ní ẹni tó bi ọ́ ní ìbéèrè kò bú ọ, ó ti ka iṣẹ́ ẹ nìyẹn. Òótọ́ sì ni ọkùnrin náà sọ. Orúkọ tábìlì àkọ́kọ́ nìkan ni ìlà tèmi ń kọ. Èkejì ń gba ẹ̀yìn lọ láìsẹ́ni tó rí i. A tún un ṣe kí tábìlì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà kọ̀wé pé ó dára, kò sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un.

A kò dúró de ìgbà tí àtúnṣe náà máa dé ọwọ́ gbogbo ayé. A kọ́ kẹ́nẹ́ẹ̀lì tiwa, a sì dán an wò ní ọ́fíìsì títí ó fi sú wa. Níbi tí ìlà ti máa ń ya bo ojú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, ìlà díẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la lọ gbé e sórí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, nígbà tí èrò dín kù. Màmá Ṣèyí ti ṣọ́ọ̀ṣì dé bá wa níbẹ̀ pẹ̀lú kúlà ìrẹsì àti ẹja díndín. Ó jókòó tì wá, ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ṣèyí ti rí ìyàwó, Ìbùkún lorúkọ ọmọ náà, ó níwà, ó mọ ilé tọ́jú. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní èmi náà ńkọ́, ṣé kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ fẹ́ ni? Mo ní kọ̀ǹpútà kì í béèrè ọbẹ̀, mà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn gan-an.

Ìparí oṣù dé, ẹ̀rọ kò dúró, ìlà kankan kò dànù. Ọ̀gá Fẹ́mi kò sọ̀rọ̀ lílé mọ́. Ó di iṣẹ́ mi láti máa ka àkọsílẹ̀ náà láràárọ̀, ó sì ti di ohun tó ṣeé kà báyìí. Mo mọ nọ́ọ̀sì tó máa ń tètè dé, mo mọ èyí tó máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Olúkúlùkù ló ní orúkọ tó fi ń wọlé, fáìlì kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó ni ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí orúkọ Màmá Ṣèyí. Ó ṣí fáìlì kan níbi tí wọ́n ń kó èsì jẹ́nótáìpù sí. Ẹni tó ni fáìlì náà kì í ṣe aláìsàn wọn, ó wá ṣe àyẹ̀wò ni, ó sì lọ. Màmá Ṣèyí ti ṣí i, ó pa á dé, ó tún padà wá ṣí i. Mo wo orúkọ tó wà lórí fáìlì náà. Ìbùkúnolúwa ni.

Ní àkókò yẹn, mo fẹ́ kí ariwo yẹn padà. Mo fẹ́ kí ìlà ògiri ya wálẹ̀ kó bo ìlà kan yẹn mọ́lẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí tíì mi fi tutù, lẹ́yìn náà ni mo lọ pe Ẹ̀gbọ́n Dípò.

Ó kà á, ó tún un kà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ṣé a ò lè fi ṣe àṣírí, ìyá ni, kò ní ibi lọ́kàn. Ó ní ìwé gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, torí rẹ̀ la ṣe ṣe gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, a kì í jẹ́ kí àgbà gbọ́ irú èyí láti inú ìwé. Nítorí náà, a kọ́kọ́ lọ bá a.

Nínú ọ́fíìsì rẹ̀ la bá a. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n sọ ohun tí a rí, kò jiyàn. Ó ṣí fìlà nọ́ọ̀sì kúrò lórí, ó gbé e sórí tábìlì.

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣèyí kọ́ ni àkọ́bí mi. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin wà, fòníkú-fọ̀ladìde ló pa á mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò lè tún rí i lẹ́ẹ̀kejì."

Gbogbo bí a ṣe mọra wa tó, n kò gbọ́ ọ rí. Mo rí i pé ojú Ẹ̀gbọ́n náà pọ́n.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ló ni èsì ẹ̀. Ṣé ẹ ti sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mi ò tíì sọ."

"Ẹ lọ sọ fún ọmọ náà fúnra yín pé ẹ wo èsì ẹ̀, kí ìwé wa tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ."

Ó lọ. A dúró di ìrọ̀lẹ́ kí a tó fi ìwé náà ránṣẹ́. Wọ́n gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó máa ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ìbùkún àti Ṣèyí jókòó, wọ́n pinnu ọ̀rọ̀ ara wọn. N kò béèrè ohun tí wọ́n pinnu. Tí èmi àti Màmá Ṣèyí bá pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, ó sì máa ń dá mi lóhùn. Kò pè mí lórí fóònù mọ́. Ó ń dùn mí títí di òní.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n Dípò fi iṣẹ́ wa sílẹ̀, ó lọ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo jókòó sórí àga rẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ tí a ṣe ìdágbére fún un ní ọ́fíìsì, Àǹtí Rẹ̀mí bá a wá. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó wọ aṣọ olùkọ́ tí kò ní àléébù. Ó ní kí n fi ohun tí ẹ̀gbọ́n òun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá yìí han òun. Mo ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ọ́fíìsì wa, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn, mo sì fi ìka tọ́ka sí ìlà kan fún un: ẹni tó ṣí fáìlì rèé, fáìlì tó ṣí rèé, àkókò rèé.

Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Tó bá jẹ́ pé irú èyí wà nígbà tèmi, ṣé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló máa wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹnì kan ṣoṣo."

Ó mi orí. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi àyẹ̀wò yẹn lòun ń bínú sí, pé ó ti rẹ òun. Ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń wá ènìyàn tó ti ṣípò padà kúrò níbi iṣẹ́. Mo ní ta ni ẹ fẹ́ wá, mà. Ó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn, ó ní òun fẹ́ lọ bá a sọ̀rọ̀.